Ìyá Nìkan Kọ́ Ló Ni Ọṣẹ

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin ọmọ Ẹdẹ Màpó Àrógun, ọmọ Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, ẹ̀yin ènìyàn wa ní Ṣẹ̀kọnà àti ní gbogbo abúlé tó yí i ká, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pàtẹ ọjà alẹ́, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń rokà lọ́wọ́ bí ẹ ti ń gbọ́ ohùn mi, àti ẹ̀yin bàbá tí ẹ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹ ń retí ọkà náà, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Àlejò kan wà tó ń wọ ilé gbogbo wa lójoojúmọ́ láì kágò. Ó ń bá wa jí ní òwúrọ̀, ó ń bá wa jókòó ti oúnjẹ alẹ́, nígbà tí a bá sì ní kí a gbọ́ ìròyìn, òun ni yóò kọ́kọ́ sọ tirẹ̀ kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀. Ìpolówó ọjà ni mò ń wí. Mo fẹ́ kí a jọ fara balẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, kí a wo ohun tí ìpolówó ń sọ fún wa nípa bàbá, ohun tó ń sọ nípa ìyá, àti ohun tó ń sọ nípa iṣẹ́ ilé.

N kò bá ìpolówó jà o. Láti ayébáyé ni Yorùbá ti ń polówó ọjà, ẹni tó bá sì gbé igbá lérí tí kò lanu, àfàìmọ̀ kó má gbé e padà sílé bó ti gbé e jáde. Ẹlẹ́kọ ń polówó, ẹlẹ́wà ń polówó, alágbo ń polówó, ohun tí wọ́n sì ń yìn ni ọjà fúnra rẹ̀: bó ti gbóná tó, bó ti dùn tó, bó ti ń mú ara le tó. Ẹlẹ́kọ tó ń kiri láàárọ̀ kò bìkítà bóyá ọkùnrin ni yóò rà á tàbí obìnrin. Àpọ́n ń dá a dúró, ìyálé ilé ń dá a dúró, ọmọ iléèwé ń dá a dúró. Ṣùgbọ́n ìpolówó òde òní ti fi ohun kan kún ọjà títà. Bó ti ń ta ọṣẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń kọ́ wa ní ẹni tó yẹ kó fọṣọ. Bó ti ń ta magí, bẹ́ẹ̀ ló ń kọ́ wa ní ẹni tó yẹ kó wà nídìí ààrò. Ẹ̀kọ́ tí a kò bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ wa yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè. Nínú ìpolówó tí ẹ gbọ́ láàárọ̀ yìí, ta ló ń fọ aṣọ? Ìyá ni. Ta ló ń dáná? Ìyá ni. Ta ló ń nu imú ọmọ, tó ń pààrọ̀ pampers rẹ̀, tó ń rọ oògùn sí i lẹ́nu nígbà tí ibà bá ń ṣe é? Ìyá náà ni. Bàbá ńkọ́? Ṣé ó kú ni? Rárá, kò kú. Ó wà nídìí tábìlì, ó ń retí abọ́.

N óò ṣe àpèjúwe ọ̀kan fún yín. Kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan pàtó. Irú èyí tí gbogbo wa ti gbọ́ títí tí àwọn ọmọ wa fi lè kà á lórí ni. Obìnrin méjì pàdé nídìí ẹ̀rọ omi. Ọ̀kan fajú ro, ó ní aṣọ funfun ọkọ òun kò mọ́ mọ́, ọrùn aṣọ náà ti dúdú, ojú sì ń ti òun láàárín ẹgbẹ́. Èkejì rẹ́rìn-ín, ó fa ọṣẹ yọ nínú agbọ̀n, orin sì gba ẹnu wọn. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, aṣọ ti ń dán lórí okùn, ọkọ dé, ó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe, ó ní, “Ìyàwó mi, o káre!” Ó parí. Gbólóhùn ọkọ náà kò ju ẹyọ kan lọ, àmọ́ gbólóhùn rẹ̀ ni ìdájọ́. Ẹ wá wo ohun tó fara sin níbẹ̀: ọkọ ló wọ aṣọ, ọkọ ló mú un dọ̀tí, ṣùgbọ́n ìyàwó ni ojú ń tì.

Ẹ tún wá gbọ́ ìpolówó sìmẹ́ǹtì, ti bátìrì ọkọ̀, ti ọtí bíà, ti ilé ìfowópamọ́. Níbẹ̀ ni ẹ óò ti gbọ́ ohùn ọkùnrin, ohùn tó wúwo, tó dá ara rẹ̀ lójú, tó ń sọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ àti owó ìfipamọ́. Ó ti wá di pé bàbá ni àpò, ìyá ni ọwọ́. Wọn kì í sọ ọ́ ní gbangba. Bí wọ́n bá sọ ọ́ ní gbangba, à bá jiyàn. Ṣùgbọ́n wọ́n fi orin gbé e, wọ́n fi ẹ̀rín gbé e, ó sì rọra wọlé. Kódà nígbà tí wọ́n bá ń yin ìyá, ìyìn náà kì í kúrò nídìí ìkòkò. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Maggi fi polówó ara rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé gbogbo obìnrin ni ìràwọ̀. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, n kò sì bu ẹnu àtẹ́ lu ẹni tó yin ìyá, nítorí ìyá ni wúrà. Àmọ́ obìnrin tó jẹ́ dókítà, tó jẹ́ olùkọ́, tó jẹ́ ìyálọ́jà, ṣé inú ọbẹ̀ nìkan ni ìràwọ̀ tirẹ̀ ti ń ràn?

Níbo ni gbogbo èyí ti wá? Kò tíì pẹ́ tó bí a ti rò. Ní 1923 ni ilé-iṣẹ́ Lever Brothers, tí a mọ̀ sí Unilever lónìí, fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà láti máa ṣòwò ọṣẹ. Ní 1928 ni àwọn oníṣòwò tó padà wá di UAC dá West African Publicity sílẹ̀ ní Èkó, tó jẹ́ pé ìpolówó ni iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì ṣí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, ohun tí etí ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí ojú ń rí. Àwọn òyìnbó ló kọ́ àwọn ènìyàn wa ní iṣẹ́ ìpolówó, àwòrán ilé tiwọn ni wọ́n sì fi kọ́ wọn: ọkọ lọ sí ọ́fíìsì láàárọ̀, aya wà nílé láti òwúrọ̀ di alẹ́, ó so épúrọ́ọ̀nù mọ́dìí, ó ń retí ọkọ tí yóò mú owó oṣù bọ̀. Wọ́n wé gèlè fún aya náà, wọ́n ró ìró fún un, wọ́n ní ìyá Yorùbá nìyẹn.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ṣé ìyá Yorùbá nìyẹn lóòótọ́? Ìyá tiwa kì í jókòó sílé. Ìyá tiwa ń fi ilé sílẹ̀ nígbà tí ìrì kò tíì gbẹ, ó ń ná ọjà láti ìlú dé ìlú, àpò rẹ̀ yàtọ̀ sí àpò ọkọ, gbèsè tó jẹ òun ló mọ bí yóò ti san án, èrè tó sì jẹ, òun ló mọ ọmọ tí yóò fi rán lọ sí iléèwé. Nígbà tó bá ti lọ sọ́jà bẹ́ẹ̀, ta ló ń wo àwọn ọmọ? Ìyá àgbà wà níbẹ̀. Ìyàwó ilé mìíràn wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀. Bàbá pẹ̀lú wà níbẹ̀, tó gbé ọmọ lé itan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń bù fún un nínú iṣu rẹ̀. Agbo ilé ló ń tọ́ ọmọ. Ìpolówó ló lé gbogbo wọn jáde, tó wá ku ìyá kan ṣoṣo pẹ̀lú ọṣẹ rẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín. N kò ní sọ pé àwọn bàbá ńlá wa ń gúnyán fún aya wọn. Ìpín iṣẹ́ wà láyé àtijọ́, a kò lè sẹ́ ẹ. Ọkọ́ wà lọ́wọ́ bàbá, ọmọrí odó wà lọ́wọ́ ìyá. Ṣùgbọ́n bàbá àgbẹ̀ tó bá lọ sùn ní aba fún ọ̀sẹ̀ méjì kì í gbààwẹ̀. Òun ló ń dáná, òun ló ń se iṣu, òun ló ń fọ ìkòkò. Ọdẹ tó wà nínú igbó kì í ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n wá bá òun se ẹran. Nígbà tí àwọn òyìnbó sì ń ṣàkóso wa, ọkùnrin ni kúùkù wọn, ọkùnrin ló ń fọ aṣọ wọn tó ń lọ̀ ọ́, kò sì sí ẹni tó fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà ní ìlú, nítorí owó oṣù ń wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà súnmọ́ ilé. Ẹni tó bá ń ti Ẹdúnàbọ̀n bọ̀, tó dé Ṣẹ̀kọnà kó tó forí lé Ẹdẹ, yóò rí bí oríta wa ti máa ń hó, tí ọlọ́kadà ń pe èrò, tí ọlọ́jà ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀. Ẹ yà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀. Ọkùnrin ni. Ẹ wò ó bó ti ń ṣa aṣọ, funfun lọ́tọ̀, aláwọ̀ lọ́tọ̀, àǹkárá tó ń ṣí lọ́tọ̀. Ó fi àtàǹpàkò na ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, ó wo ibi tí ìdọ̀tí sá pamọ́ sí, ó fi ọṣẹ ra ibẹ̀ dáadáa kó tó ri ìyókù bọ omi. Ó mọ ìwọ̀n búlúù tí aṣọ funfun ń fẹ́. Ó mọ ìwọ̀n sitáàṣì tí agbádá ń fẹ́ kó lè dúró lára olówó rẹ̀. Nígbà tó bá kan lílọ̀, ó fẹ́ èédú inú àyọ́ọ̀nù títí tó fi pọ́n, ó fi ìka kan omi, ó fi kan ìdí àyọ́ọ̀nù, ó gbọ́ ọ tó dún ṣàì, ó mọ̀ pé ó ti tó. Ọ̀gá ni nínú iṣẹ́ náà, àwọn obìnrin pàápàá ń gbé ìró àti bùbá wọn fún un, wọ́n sì ń sanwó.

Ẹ jẹ́ kí á ní irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ délé, tó gbé ọpọ́n síta gbangba, tó ń fọ ìtẹ́dìí ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí aládùúgbò yóò wí. Wọ́n á ní, “Ẹ ò rí i, ìyàwó rẹ̀ ti fún un jẹ.” Wọ́n á ní òun kọ́ ni ọkọ nílé náà. Kí ló yí padà? Ọṣẹ kan náà ni. Omi kan náà ni. Ọwọ́ kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ kò ju pé ti oríta ń mówó wọlé, ti ẹ̀yìnkùlé kò mówó wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí òun ni kókó ọ̀rọ̀ mi: iṣẹ́ tí ọkùnrin ń ṣe gbowó ní oríta láìsí ìtìjú, kò lè di ẹ̀tẹ́ nígbà tó bá ṣe é fún ọmọ rẹ̀ nílé.

Bákan náà ni ti oúnjẹ. Àwọn mẹ́ṣáì tó ń se tíì, tó ń se Indomie àti ẹyin lẹ́bàá títì títí di òru, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tó ń sun súyà, ọkùnrin ni wọ́n. Bí alẹ́ bá lẹ́, ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń jẹun, a sì ń yìn wọ́n. Kí ló wá dé tí Indomie inú tẹlifíṣọ̀n fi kọ̀ láti jinná àfi lọ́wọ́ màmá?

Ẹlòmíràn yóò ní, “Olóòtú, eré lásán ni ìpolówó, kí ló kàn ọ́ nínú rẹ̀?” Àwọn àgbà ní, bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń gbọ́ ìpolówó kò mọ̀ pé ọjà ni wọ́n ń tà. Ó rò pé ayé ni wọ́n ń fi han òun. Ọmọkùnrin gbọ́ ọ, ó kọ́ pé bí òun bá dàgbà, iṣẹ́ òun ni láti jókòó kí òun sì yin ọbẹ̀. Ọmọbìnrin gbọ́ ọ, ó kọ́ pé gbogbo àbàwọ́n tó bá wà lára aṣọ ará ilé, òun ni yóò jẹ́jọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì dàgbà, wọ́n fẹ́ra wọn. Obìnrin náà ń ṣiṣẹ́ ní báńkì tàbí ní ilé ìwòsàn, àárẹ̀ tó mú ọkọ lálẹ́ ti mú òun náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti wọlé, ọ̀kan na ẹsẹ̀ lórí àga, èkejì gba ilé ìdáná lọ. Nígbà tó bá sú obìnrin náà, kò mọ ẹni tí òun ì bá bá wí, nítorí kò sí ẹni tó jókòó tì wọ́n láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kó rí. Orin ọṣẹ ló kọ́ wọn.

Àwọn bàbá kan tún wà tí ìpolówó kò rí rárá. Mo ń sọ ti bàbá tí aya rẹ̀ kú, tó ń wẹ ọmọ láàárọ̀, tó ń di oúnjẹ sínú kúlà fún un kó tó lọ sí ibi iṣẹ́. Mo ń sọ ti ọkọ nọ́ọ̀sì tí aya rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru, tó jẹ́ pé òun ló ń jí po oògùn fún ọmọ nígbà tí ikọ́ bá ń hà á láyà. Wọ́n wà ní Ṣẹ̀kọnà, wọ́n wà ní Ẹdẹ, wọ́n wà ní Òṣogbo. Bí wọ́n bá tan tẹlifíṣọ̀n, wọn kì í rí ẹni tó jọ wọ́n níbẹ̀.

Bí wọ́n bá sì wá rí i, yẹ̀yẹ́ ni ìpolówó ń fi ṣe. Ẹ̀gàn kejì nìyí, bàbá ni wọ́n sì ń gàn. Nígbà mìíràn ìpolówó á gba bàbá láyè kó wọ ilé ìdáná, kí a lè fi rẹ́rìn-ín ni. Ọbẹ̀ á jóná mọ́ ọn lọ́wọ́. Á wọ pampers fún ọmọ sódì. Ìyá á wá sáré wọlé, á gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹ̀rín náà ṣe: ó sọ fún bàbá pé kó má ṣe gbìyànjú mọ́, ó sì sọ fún ìyá pé kò sí ẹni tí yóò gba ẹrù yìí lórí rẹ̀ láéláé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré mọ́. Àjọ tó ń mójú tó ìpolówó níbẹ̀, Advertising Standards Authority, ṣe ìwádìí, ó sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2017. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà 2019 ni òfin ti wà níbẹ̀ pé ìpolówó kò gbọdọ̀ fi ọkùnrin tàbí obìnrin hàn lọ́nà tí yóò pa wọ́n lára nítorí ohun tí wọ́n jẹ́. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o. Òfin náà kò ní kí obìnrin má dáná nínú ìpolówó, kò sì ní kí ọkùnrin má kan ìṣó. Ohun tó kọ̀ ni kí a máa sọ pé ọkùnrin kò lè pààrọ̀ ìtẹ́dìí ọmọ nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin, tàbí pé obìnrin kò lè páàkì ọkọ̀ nítorí pé ó jẹ́ obìnrin.

Oṣù Kẹjọ ọdún kan náà ni òfin náà kọ́kọ́ mú ènìyàn. Wàràkàṣì kan tí wọ́n ń pè ní Philadelphia gbé ìpolówó jáde, níbi tí bàbá méjì ti gbé ọmọ ọwọ́ wọn dání lọ sí ilé oúnjẹ kan tí abọ́ oúnjẹ ti ń yí lọ lórí ẹ̀rọ. Oúnjẹ náà gba àwọn bàbá náà lọ́kàn débi pé ọmọ wọn bá abọ́ lọ lórí ẹ̀rọ, kí wọ́n tó fura. Nígbà tí wọ́n rí ọmọ mú, ọ̀kan ní kí àwọn má sọ fún màmá. Ènìyàn 128 ló fi ẹjọ́ ìpolówó náà sùn. Ilé-iṣẹ́ tó ni ín wí àwíjàre, àjọ náà kò gbà. Wọ́n ní ó sọ bàbá di ẹni tí a kò lè fi ọmọ lé lọ́wọ́, wọ́n sì fòfin dè é. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n de ti ọkọ̀ Volkswagen kan, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń fò nínú òfuurufú tí wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ akọni, tí obìnrin kan sì jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ ọmọ.

Ṣùgbọ́n ti Íńdíà ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, nítorí kì í ṣe òfin ló ṣe é, oníṣòwò fúnra rẹ̀ ni. Ọṣẹ Ariel, tí ẹ̀yin náà mọ̀ ní ọjà, ni mò ń wí. Ní 2015 ni àwọn tó ń tà á ní Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ní gbangba pé, ṣé iṣẹ́ obìnrin nìkan ni aṣọ fífọ̀? Nígbà tó di 2016, wọ́n ṣe fíìmù kékeré kan. Bàbá arúgbó kan lọ kí ọmọbìnrin rẹ̀ nílé ọkọ. Ó jókòó, ó ń wò ó. Ọmọ náà ti ibi iṣẹ́ dé, ó gbé fóònù sétí, ó ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́, ó ń dáná, ó ń dá ọmọ lóhùn, ó ń kó aṣọ sínú ẹ̀rọ, ó gbé tíì fún ọkọ tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ọkọ kò dìde. Ọkàn bàbá náà gbọgbẹ́. Ó kọ lẹ́tà sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó ní òun ló jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré, kò rí òun kí òun ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rí. Ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú, ohun tó rí lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀ ló ń ṣe. Nígbà tó padà délé, ó gbé aṣọ ẹlẹ́gbin tirẹ̀, ó gbà á lọ sídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ, ìyàwó rẹ̀ sì ń wò ó tìyanutìyanu.

Ọṣẹ ni wọ́n tà níbẹ̀, ẹ má gbàgbé. Wọn kò bú ìyá, wọn kò fi bàbá ṣe òmùgọ̀, ọṣẹ wọn sì tà. Báwo ni mo ṣe mọ̀? Nítorí pé lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún padà sídìí ọ̀rọ̀ kan náà ní 2019, ní 2020, àti ní 2022. Ẹni tí ọjà bá pa lówó kì í tún pàtẹ rẹ̀ léraléra. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa pé bí bàbá bá fọwọ́ kan ọṣẹ nínú ìpolówó, obìnrin tó ń rà á yóò sá lọ.

Àwọn kan yóò ní àṣà wa ni mò ń bàjẹ́. Ẹ̀yin àgbà, àṣà wa kan náà ló ní bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin sì pa á, kí ejò ṣáà ti kú. Ó tún ní ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, òun ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ẹni tó pa òwe wọ̀nyí kò dá iṣẹ́ ilé sí ọ̀nà kan. Ìjọba pàápàá ti rí i bẹ́ẹ̀. Ní 2014 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún òṣìṣẹ́ ọkùnrin tí aya rẹ̀ bímọ ní ìsinmi, ní 2021 sì ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ 14 fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó bá di bàbá ìkókó, kí ó lè wà nílé pẹ̀lú ọmọ àti ìyá ọmọ. Kí ni wọ́n fún bàbá ní ọjọ́ 14 yìí fún? Ṣé kí ó lè jókòó gba àlejò ìkómọ ni? Kí ó lè gbé omi kaná, kí ó lè fọ ìtẹ́dìí, kí ó lè gbé ọmọ pọ̀n lóru kí ìyá ọmọ sùn díẹ̀ ni.

A ní àjọ tiwa náà tó lè bá wa dá sí i. APCON ni wọ́n ń pè é láti 1988. Òfin tuntun sọ ọ́ di ARCON ní 2022. Ọwọ́ àjọ yìí ni àyẹ̀wò ìpolówó wà kó tó jáde sí etí aráyé. Àjọ yìí kan náà ló pàṣẹ pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2022, kí wọ́n má ṣe lo ojú àti ohùn àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè nínú ìpolówó wa mọ́. Inú mi dùn sí àṣẹ náà, mo sì kan sáárá sí wọn. Ṣùgbọ́n bí ojú bá jẹ́ tiwa, tí ohùn jẹ́ tiwa, ilé tí ojú náà wà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ tiwa pẹ̀lú: ilé tí ìyá ti ń lọ sọ́jà, tí bàbá ti ń gbọ́mọ, tí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin jọ ń gbálẹ̀ láàárọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìpolówó, tí ẹ̀bùn yín pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé fi ń ti ojú oorun kọ orin yín, mo bẹ̀ yín, ẹ wá sí oríta Ṣẹ̀kọnà, kí ẹ wá wo ọwọ́ tó ń fọṣọ. Ẹ fi bàbá sídìí ọpọ́n nínú eré yín, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ ọ́n fọ̀. Ẹ̀yin ìyá, bí ọmọkùnrin yín bá fẹ́ wọ ilé ìdáná, ẹ má lé e. Ẹ̀yin bàbá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ojú ara wọn rí yín nídìí iṣẹ́ ilé. Ẹ̀yin olùgbọ́ mi gbogbo, nígbàkigbà tí ẹ bá gbọ́ ìpolówó tó di gbogbo ẹrù ilé lé ìyá lórí, tàbí tó sọ bàbá di òpè láàárín ọmọ rẹ̀, ẹ má kàn yí rédíò sí ibòmíràn. Ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ni ọjà náà, ẹ pe ilé-iṣẹ́ rédíò tó gbé e sáfẹ́fẹ́, ẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ARCON, kí ẹ sì sọ ohun tó dùn yín níbẹ̀ ní èdè Yorùbá tàbí èdè yòówù tó bá rọ̀ yín lọ́rùn.